Ẹnu Ayé àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Mutyaba

Bí ọkọ̀ bá gbé Najjuko gba Bukoto ní Kampala kọjá lónìí, á ní kí awakọ̀ rọra. Kò sí nǹkan tó fẹ́ rà níbẹ̀. Wọ́n ti wó ilé alájà kan tó wà lábẹ́ igi eléso ńlá kan tí wọ́n ń pè ní ffene, wọ́n sì ti kọ́ ilé onígíláàsì síbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta fíríìjì. Ṣùgbọ́n ojú Najjuko kì í rí fíríìjì. Àtẹ̀gùn onípákó ló ń rí, èyí tó máa ń ké bí ewúrẹ́ tébi ń pa bí èèyàn bá ń gùn ún, àti yàrá òkè níbi tí òun àti ọkùnrin gíga kan ti kọ́kọ́ ṣe àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tí wọn ò mọ̀ rí.

Ọmọge ni nígbà náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ni, ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dunjú, ìtìjú sì pọ̀ lójú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó gbà á kéré, kò ju yàrá kan lọ. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni ètò orí fóònù tó ń jẹ́ kí èèyàn lè tẹ Lùgáńdà, èdè àwọn ará Buganda, wọ́ọ́rọ́wọ́, tó sì ń tún ọ̀rọ̀ ṣe fúnra rẹ̀ bí ọwọ́ bá ṣìnà. Mutyaba ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Tó bá di àárọ̀, Najjuko á bá wọn kọ ètò. Tó bá di ọ̀sán, á ka ohun tí àwọn tó ń lo ètò náà bá kọ ránṣẹ́. Iṣẹ́ ọ̀sán yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Mutyaba bá a níbi tó ti ń nu ojú.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú." Ó yí kọ̀ǹpútà sí i. "Ọkùnrin kan ní Mityana ló ní kí ẹni tó ṣe irú nǹkan báyìí lọ máa da ewúrẹ́."

Mutyaba kà á, ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá mi àgbà da ewúrẹ́. Ewúrẹ́ rẹ̀ sì sanra."

"Ọ̀gá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín o."

"Má pè mí lọ́gàá, Mutyaba ni mò ń jẹ́. Gbọ́ mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, olùkọ́ mi ní ta ló fẹ́ fi Lùgáńdà tẹ fóònù. Àwọn olówó tí mo lọ bá ní kí n má fi ọjọ́ ayé mi ṣòfò. Ìyá tó bí mi ní kí n lọ wá iṣẹ́ sí báńkì bí àwọn ẹgbẹ́ mi. Ká ní mo gbọ́ tiwọn ni, àga wo lò bá jókòó lé lónìí?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí, síbẹ̀ nǹkan kan ń gún Najjuko nínú bí eegun ẹja.

"Ọ̀rọ̀ tó bá wọlé sí ọ," ni Mutyaba wí, "má jẹ̀ẹ́ kó dé àyà. Jẹ́ kó dúró sí etí."

"Tìrẹ ńkọ́, níbo ló ń dúró sí? Ìta ilé?"

Ó wo Najjuko bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Lẹ́yìn náà ló sọ̀ kalẹ̀ lọ ra ṣapati, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi wé ẹyin, ó mú méjì bọ̀, ó gbé èyí tó tóbi fún un.

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọn ò pè é nífẹ̀ẹ́ o. Wọ́n kàn ń rìn pọ̀ dé ibùdókọ̀ nírọ̀lẹ́ ni, wọ́n ń jiyàn. Bí ẹnì kan bá kọ̀wé pé àwọ̀ ètò náà ti dúdú jù, Najjuko á fẹ́ sọ ọ́ di funfun lójú ẹsẹ̀. Bí ẹlòmíì bá sọ lọ́jọ́ kejì pé funfun ń dùn wọ́n lójú, á tún fẹ́ dá a padà. Mutyaba á ní, "O dà bí ewé kókò, ibi tí atẹ́gùn bá kọrí sí ni tìrẹ." Najjuko á ní, "Ìwọ ńkọ́? Òkúta àárín odò. Omi ń sọ̀rọ̀ fún ọ látàárọ̀, o ò gbọ́."

Nígbà tí òjò oṣù kọkànlá dé, tí tata bo gbogbo iná ìgboro, Mutyaba gbé abọ́ kan wọ ọ́fíìsì. Òun fúnra rẹ̀ ló yọ ìyẹ́ àwọn tata náà tó sì dín wọn. Àwọn ọkùnrin yòókù fi í ṣe ẹlẹ́yà títí omi fi dà lójú wọn.

"Mutyaba, iṣẹ́ obìnrin lo ń ṣe yẹn! Ó kù kó o wọ gòmẹ́sì bí àwọn ìyá wa!"

"Ẹ bá mi wá èyí tó gùn," ló dá wọn lóhùn. Ó gba àárín wọn kọjá, ó gbé abọ́ náà síwájú Najjuko. "Tọ́ ọ wò."

Ó tọ́ ọ wò. "Iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù."

"Jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kó o jẹ́ ẹni tí màá máa dín tata fún títí tí eyín fi máa tán lẹ́nu àwa méjèèjì."

Ojú ti Najjuko, ó bojú wolẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn. Ó rí i lọ́jọ́ náà pé ẹni tí kò bẹ̀rù ẹ̀rín ayé lè fẹ́ràn èèyàn ní gbangba. Títí di òní, kò tíì rí adùn tata kankan tó tó ti abọ́ oníyọ̀ yẹn.

Ní ilẹ̀ Buganda, ọ̀rọ̀ ọkọ fífẹ́ kì í dé etí bàbá kó má gba ọwọ́ sẹ́ńgà, ìyẹn àbúrò bàbá lóbìnrin. Sẹ́ńgà Teopista ni ti Najjuko, opó kan tí ẹnu rẹ̀ mú, tí kò sì sí ẹnu tó lè pa tirẹ̀ mọ́. Ó wọ bọ́ọ̀sì láti Kyotera, ìlú wọn, wá sí Kampala. Ó jókòó níwájú Mutyaba nílé oúnjẹ kan ní Kamwokya, ó jẹ mátókè, ìyẹn ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè, àti ọbẹ̀ ẹ̀pà tán pátápátá kó tó lajú wò ó dáadáa.

"O ga, o sì lójú nílẹ̀. Kí lo máa ṣe bí aya rẹ bá ní nǹkan tó ò ń ṣe ò dáa?"

"Màá bi í pé kí ló dé."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Màá ṣàlàyé fún un pé ó dáa."

Sẹ́ńgà rẹ́rìn-ín títí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ fi ń mì. Nígbà tí òun àti Najjuko dá wà, ó ní, "Ọmọ dáadáa ni. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní, etí rẹ̀ ò tíì là. Ṣùgbọ́n àwa obìnrin la máa ń la etí ọkùnrin. Màá bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀."

Bàbá Najjuko, ẹni tí gbogbo Kyotera ń pè ní Tíṣà, fi Lùgáńdà kọ́ àwọn ọmọ níléèwé títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kò sí ohun tó kà sí nílé ayé bí èdè tó dá ṣáká. Najjuko ló ra fóònù fún un, tó sì fi ètò ilé iṣẹ́ wọn sínú rẹ̀. Ìdùnnú ńlá ló jẹ́ fún bàbá. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìsìnkú àdúgbò, fóònù náà ló sì fi ń kéde fún àwọn èèyàn.

Kí Sẹ́ńgà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Kaggwa kú. Òun àti Tíṣà ti jà lórí ààlà oko kọfí rí, ìjà náà ò sì tíì tán nínú àwọn ọmọ Kaggwa. Tíṣà kọ̀wé sí gbogbo ẹgbẹ́ pé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, gbogbo àwọn ń lọ sílé Kaggwa láti sin ín. Kuziika ni Lùgáńdà ń pe ìsìnkú, lẹ́tà í méjì ló sì wà láàárín rẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ Tíṣà ti ń gbọ̀n látìgbà tí ọjọ́ orí ti dé. Ìtẹ̀ kejì ò wọlé. Ètò inú fóònù rí lẹ́tà í kan ṣoṣo, ó rò pé kuzina ló fẹ́ kọ, ìyẹn ijó. Ó sì tún un ṣe. Bí gbogbo àdúgbò ṣe rí i kà nìyẹn pé Tíṣà ní ká wá jó nílé Kaggwa.

Àwọn ọmọ òkú kọ̀, wọ́n ní kò gbọdọ̀ dé ibi sàréè. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọ̀dọ́ ń fi ìgúnpá gún ara wọn bó ṣe ń wọlé. Bàbá tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tọ́jú èdè wá di ẹni tí èdè dójú tì.

Inú ìtìjú yẹn ni Sẹ́ńgà Teopista bá a.

"Iṣẹ́ wo ni ọmọkùnrin náà ń ṣe?" ni Tíṣà bi í.

"Òun ló ṣe Lùgáńdà inú fóònù."

Tíṣà gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀. "Èyí tó wà nínú fóònù tèmi?"

"Òun náà ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Teopista, jọ̀ọ́, dìde, máa lọ sílé rẹ. Bó o bá tún rí ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi, kọ́kọ́ bi í bóyá òun kọ́ ló ní kí n lọ jó níbi òkú."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Najjuko ní Kampala. Ohun tó dùn ún jù ni pé òun ti ka àròyé nípa ọ̀rọ̀ yìí gan-an rí. Obìnrin kan ní Mpigi ti kọ̀wé, bàbá kan ní Luweero náà ti kọ̀wé. Ó ti gbé e dé iwájú Mutyaba, Mutyaba sì ti ní, "Ẹ̀rọ ò jẹ̀bi. Kí wọ́n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ Lùgáńdà."

Ó gun àtẹ̀gùn onípákó lọ bá a. Ó ro ọ̀rọ̀ náà fún un látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ń retí kí ojú rẹ̀ yí padà. Mutyaba fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Ó dùn mí fún bàbá o. Ṣùgbọ́n í kan ló tẹ̀."

"Mutyaba."

"Òótọ́ ni mò ń sọ. Ètò náà ṣe ohun tó yẹ kó ṣe. Bó bá jẹ́ í méjì ló tẹ̀..."

"Bàbá mi ló kọ́ ìdajì Kyotera ní Lùgáńdà! Ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbọ̀n! Ṣé kí ọwọ́ arúgbó lọ síléèwé ni?" Ó na ìka sí i. "Mo rò pé o ní ìgboyà ni o ò ṣe ń fetí sí ẹnu ayé. Mi ò mọ̀ pé èèyàn gan-an ni o ò rí."

"Najjuko, bí mo bá ń tẹ̀ lé gbogbo ẹni tó bá sọ̀rọ̀..."

"Kì í ṣe gbogbo ẹni. Bàbá mi! Àti èmi!" Ó mú báàgì rẹ̀. "Fẹ́ ètò rẹ, kẹ́ ẹ máa gbé."

Ó wọ bọ́ọ̀sì padà sí Kyotera. Wọ́n ṣe Kérésìmesì, òjò lọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé, òdòdó kọfí sì tanná lẹ́yìn ilé, funfun báláú, òórùn rẹ̀ ń dùn bí ìrántí. Najjuko ń bá bàbá rẹ̀ sá kọfí. Bí alùpùpù bá dún lójú ọ̀nà, ọrùn rẹ̀ á ti yí. Ó bínú sí Mutyaba, ó ṣàárò rẹ̀, ó sì bínú sí ara rẹ̀ pé òun ń ṣàárò rẹ̀. Àwọn obìnrin ìdí omi ní ó ṣe dáadáa tó fi í sílẹ̀, ó gbà fún wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Kampala pè é pé aṣiwèrè ló ń fi irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ó gbà fún àwọn náà. Ibi kan wà nínú rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó bi í pé kí ni òun rò, òun náà ò sì bi ara rẹ̀.

Sẹ́ńgà Teopista ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Ó padà lọ sí Kampala láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó bá Mutyaba tó ti rù, abọ́ oúnjẹ àná ṣì wà lórí tábìlì rẹ̀.

"Mo ti tún un ṣe, Sẹ́ńgà. Kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Ta lo bi kó o tó tún un ṣe?"

"Èmi ni mo mọ ibi tó ti bàjẹ́."

"O rí i! Ọkọ mi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ó kọ́ ilé ìdáná fún mi láì bi mí. Ilé ìdáná tó rẹwà. Ó fi ojú fèrèsé síbi tí èéfín kì í gbà. Ọdún mélòó ni mo fi sunkún nínú ilé rírẹwà yẹn, gbogbo àdúgbò sì ń kí i kú iṣẹ́." Ó dìde. "Àwọn tó ń kí i kú iṣẹ́ wọ̀nyẹn, ó tọ́ kó má fetí sí wọn. Èmi tí mò ń fojú gba èéfín ni kò yẹ kó fojú fò dá. Bó o bá ti mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, wá. Bí o kò bá tíì mọ̀ ọ́n, jókòó síbí."

Mutyaba lọ sí Kyotera. Kò kọ́kọ́ dé ilé Tíṣà. Ilé Kaggwa ló kọ́kọ́ yà sí, ó kúnlẹ̀ níwájú opó, Nnalongo, ìyá ìbejì. Ó ní òun lòun ṣe ohun tó sọ ìsìnkú di ijó, òun sì wá gbọ́ ohun tí wọ́n bá fẹ́ sọ. Àwọn ọmọkùnrin ilé sọ̀rọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ tó korò. Kò dáhùn, kò ṣàlàyé í kan tàbí í méjì. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, ìyá wọn ní, "Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ kan fún yín. Nígbà tí wọ́n ka ìwé yẹn sí mi létí, mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ látìgbà tí bàbá yín ti kú. Ta ló fẹ́ràn ijó bíi tirẹ̀? Ẹ̀yin lẹ ń wá ìjà." Ó yíjú sí àlejò. "Lọ sọ fún Tíṣà pé èmi ò bínú. Kó wá mu kọfí."

Bó ṣe dé ilé Tíṣà tòun ti iṣẹ́ yẹn lẹ́nu nìyẹn. Najjuko wà ní ilé ìdáná, ó ń gbọ́ wọn. Bàbá na ọwọ́ sí àga lọ́ọ̀dẹ̀, kò ní kí wọ́n bu omi fún un. Mutyaba jíṣẹ́ Nnalongo, ó bẹ̀bẹ̀, lẹ́yìn náà ló wí pé, "Bàbá, ẹ sọ gbogbo ohun tí kò dáa nínú iṣẹ́ mi fún mi."

Tíṣà ò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀, oòrùn sì yí sí ìwọ̀ oòrùn, ó ṣì ń sọ. Ó sọ ti òwe tí ẹ̀rọ ń bà jẹ́. Ó sọ ti orúkọ ìdílé tó ń sọ di orúkọ ẹja. Ó sọ ti ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Mutyaba ń béèrè, ó ń mi orí. Nígbà tó yá, Tíṣà ní, "Èyí tó kù ni ti àwọn ọmọ ìgboro yìí, tí wọ́n ń po Lùgáńdà mọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Swahili. Kí ẹ̀rọ yẹn kọ̀ ọ́ fún wọn. Kó má gba ìdọ̀tí."

Mutyaba gbé ojú sókè wò ó. "Rárá, bàbá."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Najjuko.

"Kí lo wí?" ni Tíṣà bi í.

"Ẹ ṣàánú mi, bàbá. Gbogbo èyí tẹ́ ẹ sọ ṣáájú ni màá ṣe. Èyí ni mi ò ní ṣe. Tiwọn náà ni èdè yẹn. Bí mo bá pa wọ́n lẹ́nu mọ́, wọ́n á gbàgbé rẹ̀ ni."

Najjuko gbọ́ ọ. Ó ti bà á jẹ́ nìyẹn! Lẹ́yìn gbogbo ìyà yìí! Ó gbọ́ tí bàbá rẹ̀ pe orúkọ òun. Ó jáde, ó kúnlẹ̀.

"Àwọn obìnrin ìdí omi ti sọ tiwọn," ni Tíṣà wí. "Teopista ti sọ tirẹ̀. Èmi náà ti sọ tèmi. Najjuko, ìwọ fúnra rẹ, kí lo rò?"

Ó wá ọ̀rọ̀ ẹlòmíì láti yá, kò rí. "Mo fẹ́ ẹ, bàbá. Bí ẹ bá ní kò dáa, màá ṣì fẹ́ ẹ. Agídí rẹ̀ máa ń bí mi nínú. Àmọ́ lónìí, ó gbọ́ tán kó tó kọ̀. Ìyẹn ni mo fẹ́."

Tíṣà wo Najjuko, ó wo Mutyaba, ó wo òkè. "Bó bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni fún gbogbo ọ̀rọ̀ mi ni, ǹ bá lé e lọ. Ta ló fẹ́ fi ọmọ fún ẹni tó ń ṣe dáadáa lójú àna nìkan?" Ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Ẹ bu oúnjẹ fún un. Ebi ti pa á látàárọ̀, kò sì ráhùn."

Wọ́n ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ wọn nígbà tí kọfí pọ́n. Sẹ́ńgà Teopista rìn láàárín àwọn ọkùnrin tí wọ́n wọ kánsù, ẹ̀wù gígùn funfun, ó ń díbọ́n pé òun ò mọ èyí tí í ṣe ọkọ, ó ń fà wọ́n létí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wí pé, "Kì í ṣe èyí, etí tiwa ti là." Ẹ̀rín pa gbogbo èrò. Nnalongo náà jó.

Ọdún yí lu ọdún. Wọ́n bí ọmọ, wọ́n kó kúrò ní Bukoto, ètò náà sì di ohun tí gbogbo ilẹ̀ ń lò. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn máàsì, Tíṣà máa ń pè. Kì í kí wọn kó tó bẹ̀rẹ̀. "Mutyaba! Ta ló kọ́ ẹ̀rọ rẹ lọ́rọ̀ játijàti yìí?" Mutyaba á gbé àga sún mọ́ fóònù, á máa sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá," àti "Rárá, bàbá," oúnjẹ rẹ̀ á sì máa tutù. Wọ́n máa ń jà débi tí àwọn ọmọ á fi di etí wọn.

Tíṣà kú lójú oorun lọ́dún tí ẹ̀ẹ̀rùn gùn. Wọ́n sin ín, wọ́n padà sílé. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Najjuko bá ọkọ rẹ̀ nídìí fóònù. Ó ti gbé àga rẹ̀ síbẹ̀ láìmọ̀. Oúnjẹ ti tutù, kò tọ́ ọ wò.

"Kò sẹ́ni tó máa bá mi wí lónìí," ló sọ. Ohùn rẹ̀ kéré bí ti ọmọdé.

Najjuko fa àga tiẹ̀, ó jókòó tì í.

"Iṣẹ́ tó o ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá yẹn, èyí tó o fi hàn mí. Kò dáa tó."

Mutyaba gbé orí sókè. Omi wà lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Níbo ni kò ti dáa?" ló bi í, ó sì sún mọ́ ọn kó lè gbọ́.